Irin Tí Ọwọ́ Onílé Mọ̀: Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Mùṣín

Ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí kò ní òde ìnáwó kankan lọ, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gba gba ọ̀nà Ìtìrẹ́, tí ó sì yà sí àwọn òpópónà tóóró tí ó wọ inú Láwánsọ̀n àti Àgúdà lọ, yóò rí i pé lẹ́yìn géètì ilé púpọ̀, níbi tí àwọn kan ti ń sá aṣọ tí àwọn mìíràn sì ń dáná oúnjẹ, píkọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, tí ọkùnrin kan tí kì í ṣe mẹkáníìkì tẹ orí bọ inú rẹ̀, tí epo dúdú sì ti gun apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọkùnrin yìí lè jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ó lè jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ó lè jẹ́ oníṣòwò ní ọjà Tẹ́júoṣó, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ń fi àga àti àgọ́ yá àwọn olóde. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ wọn ti yàtọ̀ tó, ọ̀rọ̀ kan ni ó pa wọ́n pọ̀: ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe yìí dàgbà ju àkọ́bí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, wọn kò sì tíì ṣetán láti gbà pé ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ti dé.

Àwọn tí ń kọjá lọ a máa káàánú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa fi í rẹ́rìn-ín sínú, nítorí wọ́n gbà pé bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní máa lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ irin. N kò ní bá wọn jiyàn pé owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń fi owó ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn owó nìkan ni, ìbá ti tà á fún àwọn onírin àlòkù tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, ìbá sì ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju àìlówó lọ. Oríṣi ohun ìní méjì ni ó wà láyé: ọ̀kan ni èyí tí ìwé fi ń yé ará ìta pé tiwa ni, èkejì ni èyí tí ọwọ́ wa mọ̀ dé gbòǹgbò, tí a mọ àìsàn tí ó ń ṣe é, tí a sì mọ ìgbà tí ó ń fi ọ̀lẹ ṣe wá yàtọ̀ sí ìgbà tí ó rẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́. Oríṣi èkejì yìí ni píkọ́ọ̀pù àtijọ́, ìdí sì nìyí tí ó fi ṣòro fún ẹni tí ó ni ín láti yọ̀ǹda rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú 1930, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì jẹ́ ohun àpéwò, W. Akinọla Dawodu, ọmọ Èkó, ti di gbajúmọ̀ nínú kíkó ọkọ̀ wọ ìlú àti títún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn bọ́lẹ̀kájà gba òde kan, àwọn tí ó jẹ́ pé ṣáàsí àti ẹ́ńjìnnì Bedford ni ó ti ìlú òyìnbó wá, tí àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa fi pákó kọ́ ilé lé e lórí, tí àwọn tí ń kọ̀wé sára ọkọ̀ sì fi òwe àti àdúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí mólúè gba ipò bọ́lẹ̀kájà, ọ̀nà kan náà ni a tún gbà: ṣáàsí Mercedes láti Jámánì, páànù àti irin tí àwọn wẹ́ídà Èkó jó mọ́ ọn. Nítorí náà, ará Èkó kò fìgbà kan rí gbà pé ọkọ̀ ti parí nígbà tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Lójú tirẹ̀, ibi tí òyìnbó bá a dé ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀, Ògún Lákáayé, Ọ̀sìn Ìmọlẹ̀, tí ó ni irin tí ó sì ni ọ̀nà, kò sì béèrè ìlú tí wọ́n ti rọ irin náà kí ó tó gba ẹbọ lọ́wọ́ awakọ̀.

Ọdún 1968 ni àwọn méjì tí a mọ̀ bí ẹni mowó nínú ìran àwọn ọkọ̀ yìí yọjú sáyé. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni Toyota gbé Hilux àkọ́kọ́ jáde ní Japan, ní oṣù kẹsàn-án ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di 1979 kí 504 tó ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ wa bá Peugeot ṣe àdéhùn ní 1972, nígbà tí ó sì di oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, oṣù náà gan-an ni Volkswagen pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Òjó, níhìn-ín ní Èkó. Owó epo rọ̀bì ń wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ nígbà náà, kò sì pẹ́ tí Píjò, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ti ń pè é, fi di ọkọ̀ ọ̀gá, ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn Faransé fúnra wọn ti pa 504 oníjókòó tì ní 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná kò dẹ́kun títò ó títí tí ọ̀rúndún tuntun fi wọlé. Èyí ni ó fà á tí irú ọkọ̀ kan fi pẹ́ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi kọ́ ọmọ ní títún un ṣe, tí ọmọ náà sì tún rí ọmọ tirẹ̀ kọ́.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí SAP, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní 1985 sì ti ju náírà mẹ́ta lọ kí 1986 tó parí. Ọkọ̀ tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ oṣù ń fi ojú jẹ. Tòkunbọ̀ gba Kùtọnu àti Àpápá rọ́ wọlé. Ẹni tí ó sì ti ní ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí i kedere pé bí èyí bá bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó di kí òun máa wọ danfó. Láti ìgbà náà ni títún ọkọ̀ ṣe kò ti dúró de ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́. Ó ti di àṣà ilé, gẹ́gẹ́ bí gbígbá àgbàlá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn oṣù, nígbà tí òfin ìmọ́tótó kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ jáde láti agogo méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀, gba ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wákàtí mẹ́ta tó láti kó ẹrẹ̀ ojú gọ́tà, kí ènìyàn sì tún pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ó di 2016 kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó mú ìséde náà kúrò.

Kí ló wá dé tí píkọ́ọ̀pù fi rọ onílé lọ́rùn láti tọ́jú ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn lọ? Àkọ́kọ́ ni pé píkọ́ọ̀pù ń bọ́ ẹni tí ó ń bọ́ ọ. Òun ni ó ń kó àga ìnáwó, ẹ̀rọ orin àti jẹnẹrétọ̀ lọ sí òde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun ni ó ń gbé sìmẹ́ǹtì fún ẹni tí ń kọ́lé, òun ni ó ń ru búrẹ́dì ní ìdájí àti ẹja dídì ní ọ̀sán. Nítorí náà, ọjọ́ tí ó bá fi ara pamọ́, ebi ni ó ń dá sílẹ̀. Èkejì ni pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé oko àti ọ̀nà búburú ni ó ń lọ, wọn kò sì fi ọ̀ṣọ́ dí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní gígùn ni wọ́n tẹ́ ẹ́ńjìnnì náà sínú 504 àti Hilux àtijọ́, gíà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ààyè sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì tí apá àgbàlagbà lè gbà wọlé. Bí agboolé àtijọ́ ni inú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà rí: ẹni tí ó bá dúró ní àgbàlá rí ẹnu ọ̀nà ojúlé gbogbo, bí ẹnì kan bá sì ń ráhùn, ó mọ yàrá tí ohùn náà ti ń jáde.

Ẹ wo ohun tí ẹni tí ó mọṣẹ́ ń ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò jí ní òwúrọ̀. Kò ní sáré lọ ra nǹkan kan. Yóò kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, yóò sì wo ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, nítorí púlọ́ọ̀gì kì í purọ́: bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ó bá funfun, afẹ́fẹ́ ni ó borí, iná inú rẹ̀ sì ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ pọ́n, ara ẹ́ńjìnnì yá. Bí púlọ́ọ̀gì kò bá ní ẹ̀bi, a kan kábúrétọ̀, níbi tí ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì epo a máa lọ há sí ojú ihò tín-ín-rín kan tí abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ bọ̀, nítorí pé bí ihò náà bá fi díẹ̀ fẹ̀ sí i, epo tí ó yẹ kí ó gbé wa lọ sí Ìkẹjà kí ó sì gbé wa bọ̀ yóò tán sí ojú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ẹnu tàbí ti fọkanáísà ni a fi ń là á. Gbogbo èyí, sípánà mélòó kan àti ìpamọ́ra tó o, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan tí a ó bẹ̀ kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbóná ni ó gba àríyànjiyàn jù láàrin wọn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìkòròdú àti ti Agége Motor Road kò fún rédíétọ̀ ní atẹ́gùn, omi kànga tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà sínú rẹ̀ sì ń fi ìpẹtà dí àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìgboro ń ṣe sí i láti ìgbà pípẹ́ ni pé kí wọ́n yọ tẹ́mósítátì, ilẹ̀kùn kékeré tí ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá sí rédíétọ̀, kí wọ́n sì jù ú nù. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ náà yóò pẹ́ kí ó tó hó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí omi tútù ń yí po ní gbogbo ìgbà kì í gbóná dé ibi tí wọ́n ní kí ó dé. A máa mu epo ní àmujù, ara irin rẹ̀ a sì máa jẹ kíákíá. Onílé tí ó ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n kì í gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí. Yóò tú rédíétọ̀ sílẹ̀, yóò gbé e lọ fún àwọn tí ń fọ inú rẹ̀ tí wọ́n sì ń jó ojú tí ó bá ń jò, yóò fi tẹ́mósítátì tuntun sí i, yóò sì fi fáànù oníná mànàmáná kún èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí, kí atẹ́gùn lè wà níbi tí ọkọ̀ bá dúró sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Síbẹ̀, bí iṣẹ́ kan bá wà tí ó fi hàn pé títún ọkọ̀ ṣe nílé jẹ́ iṣẹ́ ẹbí, yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì ni. Ẹnì kan ṣoṣo kì í sáábà dá a ṣe. Bàbá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀bá táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìgò kékeré àti rọ́bà, ọmọ a jókòó sí ipò awakọ̀.

“Tẹ̀ ẹ́!”

“Mo ti ń tẹ̀ ẹ́, sà.”

“Dì í mú bẹ́ẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀ kúrò o!”

Nígbà náà ni bàbá yóò tú ìdè kékeré tí ó wà lẹ́yìn ìlù bíréèkì, omi bíréèkì yóò ru jáde pẹ̀lú ìfóòfó afẹ́fẹ́, yóò sì tún dè é pa kí ó tó sọ pé, “Ó tó, gbé ẹsẹ̀.” Bí ọmọ bá gbé ẹsẹ̀ ṣáájú, afẹ́fẹ́ tí wọ́n lé jáde yóò tún padà wọlé, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ tí ó bá sì ti jókòó sí ipò yìí ní ìgbà mélòó kan ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ó gba ìwé àṣẹ kò mọ̀, èyíinì ni pé omi lásán, tí kò gbọdọ̀ ní afẹ́fẹ́ nínú, ni ó dúró láàrin ẹsẹ̀ òun àti ẹ̀yìn mólúè tí ó wà níwájú.

Nígbà tí ohun èlò kan bá kọjá àtúnṣe, ọjà Ládípọ̀ ni a ń lọ, ní Pápá Àjàó, ní agbègbè Mùṣín, níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ ọkọ̀, ojú ọkọ̀ àti ìfun ọkọ̀ ti ń wo ènìyàn láti orí àtẹ títí dé òkè àjà. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin yóò ti yí i ká, tí oníkálùkù wọn ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni ohun tí ó ń wá wà. Àgbà oníbàárà kì í dá wọn lóhùn. Ó ti tú èyí tí ó bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀, ó ti fi àkísà wé e, ó sì mú un lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀, ọmọ Ìgbò ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó ti pẹ́ ní Mùṣín tó bẹ́ẹ̀ tí Yorùbá fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé tuntun lẹ fẹ́ ni, àbí tòkunbọ̀?”

“Mú méjèèjì wá, ọ̀gá mi, kí n fi ojú ara mi rí wọn.”

Yóò fi ti ọwọ́ rẹ̀ wé tiwọn, yóò ka ehín ara gíà, yóò fi èékánná ha ojú irin, yóò gbé wọn lọ́wọ́ kan-kan láti mọ èyí tí ó wúwo. Nítorí ó ti rí i nínú ìrírí pé tòkunbọ̀ tí ó jẹ́ ojúlówó, bí ó ti wù kí ó dọ̀tí tó, a máa pẹ́ ju ayédèrú tí ó ń dán nínú páálí lọ. Bí ó bá jẹ́ táyà ni, yóò wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà létí àmì DOT lára rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọjọ́ orí táyà wà: bí ó bá rí 2319, ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, ọ̀rọ̀ dídùn kò sì lè sọ ọ́ di ọmọdé mọ́. Bí a kò bá rí ohun èlò náà ní Ládípọ̀, Òwódé-Onírin ní ọ̀nà Ìkòròdú kù, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ńlá àti irin àlòkù. Bí ó bá sì di dandan, a ó ṣí àpótí abẹ́ ibùsùn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: onípíkọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í ju nọ́ọ̀tì nù.

Àtúnṣe kì í sì í dúró sí ibi dídá nǹkan padà sí bí ó ti wà. Ìwọ̀n ẹrù tí òyìnbó kọ sínú ìwé kò bá ti Èkó mu, nítorí náà ni wọ́n fi ń fi ewé irin kún sípíríìngì ẹ̀yìn Hilux kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà wọ́lẹ̀. Wọ́n ń jẹ́ kí wẹ́ídà jó ọgbà irin yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká kí àga ìnáwó tí ó ga ju ènìyàn lọ má baà dà sílẹ̀. Wọ́n ń tẹ́ pákó sí ilẹ̀ ẹ̀yìn náà níbi tí ìpẹtà ọ̀sà ti jẹ páànù tán. Àwọn mìíràn a kọ́ àpótí ńlá lé e fún búrẹ́dì, àwọn mìíràn a sì gbé àgbá omi lé e. Mo ti rí i tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ewé sípíríìngì kan ṣoṣo, tí àgbà méjì dúró nínú oòrùn tí ọ̀kan ní kí wọ́n fi kún un, tí èkejì ní bí wọ́n bá fi kún un, ọkọ̀ náà yóò máa fò bí ewúrẹ́ nígbà tí kò bá rù. Àwọn méjèèjì sì tọ̀nà, nítorí sípíríìngì tí ó le fún ẹrù le fún ẹ̀yìn awakọ̀ pẹ̀lú, ẹrù tí ewé náà sì gbà kì í ṣe ohun tí bíréèkì gbà. Ẹni tí ó bá sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì odidi, kí ó má gbàgbé pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Ìwé tí kò bá irin mu yóò di ẹjọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá níbi tí kò rò sí.

Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tí ó gbé wúwo, ibi tí ẹrù yìí sì wúwo sí jù ni ọ̀ràn aládùúgbò. Ilé Sùúrùlérè, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde ní àwọn ọdún 1950 nígbà tí wọ́n ń wó àwọn àdúgbò há-há-há ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àti àwọn ilé Yábàá tí ó ti wà ṣáájú wọn, kò jìnnà sí ara wọn. Ohun tí a bá dà sílẹ̀ ní àgbàlá kan, gọ́tà kan náà ni yóò gbé e kọjá lójú gbogbo ilé. Ọ́ìlì dúdú tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì kì í rá. A máa wọ inú ilẹ̀, a máa bá omi kànga pàdé, a sì máa pa koríko ibi tí ó bá dúró sí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Onílé tí ó bá lè gbọ́ ohùn púlọ́ọ̀gì kò ní àwáwí pé òun kò gbọ́ ti aládùúgbò: kí ó fi kẹ́ẹ̀gì gba ọ́ìlì rẹ̀ kí ó sì gbé e fún àwọn tí ń rà á, kí ó má fi ìdajì ọ̀nà ṣe ṣọ́ọ̀pù, kí ó má sì jẹ́ kí òkú ọkọ̀ mẹ́ta dí ojú ọ̀nà ní orúkọ pé òun yóò tún wọn ṣe, títí tí ìjọba yóò fi wá wọ́ wọn lọ.

Èmi kò sì fara mọ́ ọn pé kí onílé máa dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí ó bá tún bíréèkì ṣe, tàbí ìdarí ọkọ̀, kí ó jẹ́ kí ojú ẹlòmíràn tí ó gba òmìnira iṣẹ́ wò ó kí ó tó gbé e sí títì, nítorí ẹ̀mí tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìpàdé onílé àti mẹkáníìkì yìí ní adùn tirẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó mọ̀ pé oníbàárà òun mọ orúkọ ohun tí ó bàjẹ́ kì í fi irọ́ kún owó. Oníbàárà tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú gíà sílẹ̀ rí mọ̀ pé owó iṣẹ́ tí wọ́n dá lé òun kì í ṣe ìyànjẹ. Ìmọ̀ ni ó sọ àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́, níbi tí àìmọ̀kan ìbá ti fi ìfura sí àárín wọn.

Láti 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí sì ti tún gbóná sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà kan tí kò tó ₦200 ní Èkó sì di ₦488 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tí kò tó ₦500 sì kọjá ₦1,400 ní 2024. Òfin aṣọ́bodè kò sì gbà kí a kó ọkọ̀ àlòkù tí ó ti ju ọdún 12 lọ wọlé mọ́, nítorí náà píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ó bá kú lónìí, kò sí àbúrò tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yí ọkọ̀ wọn padà sí èyí tí ń lo gáàsì CNG, èyí sì dára fún àpò. Ṣùgbọ́n ìgbà ọgọ́rùn-ún méjì ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ni agbára tí wọ́n fi ń rọ gáàsì náà sínú sìlíńdà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ti àgbàlá ilé. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, nítorí mímọ ibi tí ọwọ́ ẹni kò tó wà lára ìmọ̀.

Àwọn Hilux ìsinsìnyí ti yàtọ̀. Ọpọlọ mànàmáná ni ó ń pín epo fún wọn, iná kékeré kan a sì tàn lójú pátákó láti sọ pé nǹkan kan kò dára láìsọ ohun tí ó jẹ́. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà yóò wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó lè bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Mùṣín ti ń kọ́ èdè náà, mo sì yìn wọ́n, nítorí ọgbọ́n kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ sí ẹ̀yìn, kí wọ́n mọ̀ pé nínú rẹ̀ ni onílé, tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì rí, ti lè tẹ̀ lé epo láti inú táǹkì dé inú kábúrétọ̀, kí ó tẹ̀ lé iná láti inú bátìrì dé ẹnu púlọ́ọ̀gì, kí ó sì sọ ní ìparí pé òun mọ ohun tí òun ń wà. Irú ọlá bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú ohun tí owó ń rà láyé òde òní. Nítorí náà, bàbá tí ó bá fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà. Lọ́yà lè pín ìwé ọkọ̀ fún ẹni tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọkọ̀ kò ṣe é kọ sínú ìwé ìhágún.